Àpò Tí Mo Rán Sínú Ẹ̀wù Ológun

Ẹ̀wù tí wọ́n ń há fún àwọn ológun máa ń fẹ̀ jù. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àmọ́ ó dájú pé onítọ̀hún ń jẹun kánú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé e wá sọ́dọ̀ àwa télọ̀ ní ọjà Marché Congo ní Douala, ká bá wọn dín in kù.

Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gbé tirẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Douala níbí ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ sì ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kẹta sí tèmi. Ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní yunifásítì, ìwé àtijọ́ tí àwọn àáfà apá àríwá fọwọ́ kọ ló ń kà, tó ń túmọ̀. Ó kàn wà lára àwọn tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ogun tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, títí dìgbà tí wọ́n bá nílò wọn. Ogun wá le lápá àríwá, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá kékeré ni, ọkọ̀ ogun onírin kan ló wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Mo wo bí awò ojú rẹ̀ ṣe nípọn tó, mo ní ọkọ̀ yẹn á máa gba ibi tó bá wù ú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi poche kékeré kan sínú ẹ̀, ici, níbi àyà."

Mo ní òfin wọn ò gba àpò níbẹ̀. Ó ní inú ni, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ìwé pélébé tó ń kọ nǹkan sí ló fẹ́ máa fi síbẹ̀. Mo gé àgékù aṣọ kan, mo rán an. Òwú pupa ló wà lórí maṣíìnì mi, ó sì sú mi láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀lẹ ṣe mí, mo jẹ́wọ́.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbé pósí dé. Wọ́n ní ọkọ̀ náà jóná, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí pósí náà. A sin ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wù kan ni wọ́n gbé fún ìyá rẹ̀, ibi tí orúkọ máa ń wà ti jó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ìyá ní kí wọ́n má dán an wò: òkú olókùú ni wọ́n sin, ọmọ òun ò kú.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé ẹ̀wù náà wá sọ́dọ̀ mi nínú ọ̀rá dúdú.

"Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ dín tiẹ̀ kù. Ẹ bá mi wò ó. Kì í ṣe èyí, àbí?"

Mo yí inú rẹ̀ síta. Òwú pupa. Mo lè purọ́, ó sì wù mí kí n purọ́. Inú bí mi sí ìyá náà, inú bí mi sí ara mi.

"Alájà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Òun ló ní kí n fi àpò yìí síbẹ̀."

Ó tẹjú mọ́ àpò náà. Kò mọ̀ nípa rẹ̀ rí.

"Ẹ tú u."

"Alájà..."

"Mo ní ẹ tú u. Tí kò bá ti sí níbẹ̀, kì í ṣe tiẹ̀."

Mo mú réésà, mo tú u. Ó gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè sí ẹnu ọ̀nà. Ihò tí abẹ́rẹ́ lu tò síbẹ̀ ní ìhà mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn wọlé. Ó fi ìka tọ̀ wọ́n lọ, ó tọ̀ wọ́n bọ̀.

"Kò ní pa dé?"

"Aṣọ tó nípọn báyìí, Alájà, kì í pa dé."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà mi, ó sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí pósí ti dé. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pe àwọn àáfà fúnra rẹ̀, wọ́n ṣe fídáù ọmọ rẹ̀.