Ṣọ́ọ̀kì Tó Dúró Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, Ìbàdàn ni olú-ìlú gbogbo wa. Ìjọba ara-ẹni ti dé sí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n àsíá òyìnbó kò tíì wálẹ̀. Tíṣà obìnrin ni mí ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sì ti kó ọmọ kún kíláàsì mi débi pé àwọn kan ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé báwo la ṣe ń jà láyé ìgbà náà, ariwo ni kí ẹ kọ́kọ́ fojú inú wò. Sọ́míìlì kún ìlú. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ayùn ńlá ń ké lórí gẹdú, lẹ́búlẹ́bú pákó á bà lé aṣọ tí a sá, á bà lé ọbẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá ń pariwo lójà bí ẹni ń jà, tó sì jẹ́ pé ata ló fẹ́ rà, àwọn ìyá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ dá a lóhùn, ará sọ́míìlì ni." Ẹ̀rín la fi ń rín. A kò mọ̀ pé etí àwọn èèyàn wa ni iṣẹ́ náà ń jẹ.

Ààfáà ni bàbá mi, orí wàláà rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń mú kálàmù dání. Bí ọmọ kéú kan bá fo ọ̀rọ̀ nínú ohun tó ń dà kọ, Bàbá á ní, "Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, àmánà ni, ohun tí a fi sí ìtọ́jú rẹ ni. Má bù ú kù, má bù kún un, má sì fi pamọ́." Èmi ló máa ń sọ ọ́ fún jù, torí mo fẹ́ràn àtimáa tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe kí ó lè dùn.

Ará Mákún-Omi ni Làmídì. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni kí wọ́n máa so gẹdú pọ̀, kí wọ́n fi omi gbé e lọ sí Èkó. Òun wá sókè lọ́dọ̀ wa láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ là á, ó sì di ọ̀gá nídìí ayùn. Kíláàsì àwọn àgbà tí mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́ ló ti mọ̀wé. Ó gbọ́ràn dáadáa nígbà náà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlagi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe alága, torí kì í bínú kánkán, kì í sì í bẹ̀rù ọ̀gá. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn tí etí rẹ̀ méjèèjì fi di pátápátá.

Wọ́n ní kí n máa wá bá wọn kọ̀wé ní ìpàdé. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé màá jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí, màá wá kọ kókó rẹ̀ sórí síléètì fún Làmídì. Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ kan ó ti síléètì náà padà sí mi.

"Tíṣà, ọbẹ̀ tó ti tutù lò ń bù fún mi."

Mo kọ ọ́ pé, Kí ni mo fò?

"O ò fo nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá fi máa kà á, dede yín ti rẹ́rìn-ín tán. Èmi á wá máa dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè." Dede ni wọ́n ń pe gbogbo nílùú wọn. Ohùn rẹ̀ lọ sókè, kò mọ̀. "Kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Bó bá jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni, fún mi ní ìdajì."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi pẹ̀lú síléètì lórí ẹsẹ̀, òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́wọ́ òsì, àkísà tútù láàárín wa. Màá kọ, màá nù ún, màá tún kọ. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bí mo bá kọ lẹ́tà mẹ́ta, ó ti mọ ìyókù, á sì ti máa dá olúwarẹ̀ lóhùn. Tí ẹnì kan bá dápàárá, ẹ̀rín Làmídì àti ẹ̀rín àwọn yòókù á bọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti di arúgbó, mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ọkùnrin náà ni mo fẹ́ràn. Òun náà mọ̀, àmọ́ kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì. A ń dúró de ìgbà tí ìjà á parí.

Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí máníjà sọ́míìlì tí Làmídì ń bá ṣiṣẹ́ lé ọkùnrin mẹ́ta dànù pé òun pè wọ́n, wọn kò dáhùn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dáhùn? Ẹgbẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a béèrè ni pé kí wọ́n dín wákàtí tí èèyàn ń lò nídìí ayùn kù, kí wọ́n má sì lé ẹnikẹ́ni nítorí etí tí iṣẹ́ wọn bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ayùn fi dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ ní Òkè-Àgbò, ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ náà ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ní òun kò lè wá, orí tẹlifóònù ni òun yóò ti bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Máníjà pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé tẹlifóònù dúdú tó wà lórí tábìlì.

"Ẹ yan ẹlòmíì," ló wí. "Tẹlifóònù kì í ṣe ohun adití."

Mo kọ ọ́ bó ṣe wí i. Làmídì kà á, ó sì rọra dáhùn pé, "Etí mi ni iṣẹ́ yín gbà. Ẹnu mi ṣì wà lọ́wọ́ mi."

A kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi gbà pé kí n di etí tẹlifóònù mú, kí n máa kọ, kí òun máa fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, ará pósí-ọ́fíìsì so wá pọ̀ mọ́ Ìbàdàn.

"Wọ́n ní adití ni alága," ni ọ̀gá wí létí mi. "Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi tí Làmídì fi fa ẹnu tẹlifóònù mọ́ra. "Èmi alága ni, sà. Ẹ rọra máa sọ ọ́, ọwọ́ tíṣà lẹ ń dá lóró."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́: Ó ń rẹ́rìn-ín. Làmídì náà bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò tíì rín tiẹ̀ tán. Bí ẹ bá bi mí pé ìgbà wo ni inú mi dùn jù láyé mi, kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni màá dárúkọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni.

Ìpè kejì ló bà á jẹ́. Igbákejì alága, Ọ̀gbẹ́ni Ṣótáyọ̀, wà ní ọ́fíìsì pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin mìíràn láti inú ìgbìmọ̀ wa. Bí mo ṣe gbé tẹlifóònù sétí, ọ̀gá ní, "Ìwọ ọmọbìnrin, má tíì kọ eléyìí. Gbọ́ ọ ná." Ó ní òun gbà láti dín wákàtí kù. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí kò bá gbọ́ràn mọ́ gbọ́dọ̀ máa lọ ilé, àwọn mẹ́sàn-án, kí alága sì ṣíwájú wọn. Òun fẹ́ ìdáhùn lójú ẹsẹ̀.

Mo wo Làmídì. Ó ń wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé àpárá míì ló ń bọ̀. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo ń wá ọ̀nà tí màá gbà kọ ọ́ tí kò fi ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

"Kí ló wí?" ni Ṣótáyọ̀ béèrè.

Mo sọ ọ́. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, fún àwọn tó létí, ṣáájú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀kan ní ìyẹn kò dáa. Òmíràn ní ebi ti ń pa ọmọ òun. Ṣótáyọ̀ ní kí a gba èyí tó wà nílẹ̀ ná. Làmídì ń wo ẹnu wọn láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì.

"Tíṣà, kọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo kọ: Dúró.

Ó dúró, torí ó gbà mí gbọ́. Wọ́n nawọ́ sókè níṣojú rẹ̀, mẹ́ta sí méjì. Ṣótáyọ̀ gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "A gbà, sà." Ìgbà yẹn ni mo tó kọ gbogbo rẹ̀. Làmídì kà á tán. Kò wo Ṣótáyọ̀. Èmi ló wò.

"Ìgbà wo ló sọ èyí?"

Ó mú àkísà, ó nu síléètì náà mọ́ tónítóní, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, dede yín," ló wí, ó sì jáde.

Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́jọ́ Ajé. Àwọn mẹ́sàn-án náà ti lọ.

Ní ìpàdé gbogbogbò tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo sọ ohun tí mo ṣe níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo wá ní kí a fi kún òfin ẹgbẹ́ pé ọ̀rọ̀ yòówù tí a bá fi ẹnu sọ tàbí tó bá ti inú tẹlifóònù wá, kí a kọ ọ́ sórí pátákó ńlá lójú gbogbo èèyàn bó ṣe ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì nawọ́ dìbò nígbà tí a kò bá tíì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Wọ́n ní kí Ṣótáyọ̀ fèsì, ó sì dìde. "Ṣé torí adití ni gbogbo wa á fi máa dúró?"

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń pọ́n ayùn wò ó. "Wọ́n ti pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó dìde, Ṣótáyọ̀. O ò gbọ́."

Òfin náà wọlé. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà: kò pé ọdún mẹ́ta tí Ṣótáyọ̀ fi ń jókòó sí iwájú pátákó, tí mò ń kọ̀wé fún òun náà. Mi ò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún un rí.

Kí n tó gbàgbé, mo lọ sí Mákún-Omi lẹ́ẹ̀kan. Mo ti kọ gbogbo ohun tí ọ̀gá wí lọ́jọ́ náà àti ohun tí oníkálukú wí, ojú ìwé mẹ́rin. Mo bá Làmídì létí omi níbi tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó bu ẹja fún mi, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó wá jókòó ka ìwé náà látòkè délẹ̀.

"Ó pé," ló wí. "Ṣùgbọ́n òní kọ́ ló yẹ kí n kà á."

Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé kí ó dárí jì mí.

"Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó dé. Àbí kí ni mo fẹ́ fi ìbínú ṣe?" Ó wo omi. "Nǹkan tó ń dùn mí ni pé, ká ní mo mọ̀ nígbà tí tẹlifóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí ǹ bá sọ fún ọkùnrin yẹn. Bóyá wọn ì bá má nawọ́."

Mo kọ ọ́ pé, Ọ̀rọ̀ wo?

Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Ìgbà rẹ̀ ti kọjá, Tíṣà."

Mi ò padà lọ mọ́, ojú ń tì mí. Mo lọ́kọ lẹ́yìn náà, ọkọ rere ni. Ìwé tó ní Làmídì ti kú dé ọwọ́ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ìròyìn tèmi náà pẹ́.

Bí ẹ bá bi mí ní èrè wa, wákàtí dínkù, òfin ṣọ́ọ̀kì sì wà títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Ohun tó lọ ni iṣẹ́ èèyàn mẹ́sàn-án, àti ohun tí ì bá wà láàárín èmi àti ẹnì kan. Èyí tó kù, ẹ̀yin ni mò ń fi lé lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ mi fi fóònù rẹ̀ hàn mí láìpẹ́, ọ̀rọ̀ ń di lẹ́tà níbẹ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí tí adití bá pe ọsibítù, tàbí báńkì, tàbí ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní rárá, ohùn nìkan ni wọ́n ń dáhùn. Nígbà náà, ìjà wa kò tíì parí. Níbi tí ohùn bá lè dé, ẹ jẹ́ kó di òfin pé kí lẹ́tà bá a dé lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nawọ́ tán.

Ọmọ-ọmọ mi ní kí èmi náà dán an wò. Mo mú fóònù náà, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Làmídì, kí lò bá ti sọ lọ́jọ́ náà?" Lẹ́tà náà jáde bí mo ṣe ń sọ ọ́, kò pẹ́ rárá. Ọmọ náà kà á, ó bi mí pé ta ni Làmídì. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn.