Èdè Kò Ní Orúnkún

"Gbì!" Èso kajú kan já lu páànù kíláàsì wa, ó yí gbiri-gbiri, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Gbogbo wa dákẹ́. Tàtá gbé ìka kan sókè, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, a sì pariwo pọ̀: "Wọ́ọ̀n!" Òmíràn já. "Túù!" Báyìí ló ṣe ń kọ́ wa ní ònkà Gẹ̀ẹ́sì lásìkò kajú, ní mátẹ́nẹ́ẹ̀lì wa ní Manigri, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, níbi tí àwa ọmọ tí kò tíì tó lọ sí ilé ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ń jókòó sórí ẹní. Bí afẹ́fẹ́ bá wá dé, tí kajú ń já wàràwàrà, ònkà á dàrú mọ́ wa lẹ́nu, kálukú á máa ké èyí tó bá rántí. Tàtá á jókòó sáàárín wa, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á ní, "Ó tán, ọjà ti tú."

Tàtá la máa ń pe obìnrin tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ní Nàìjíríà níbi tí òun ti wá, kòkòrò tí ń fò kiri nínú koríko ni tata. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó gbé ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹsẹ̀ mi gùn tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Tíṣà ni lọ́dọ̀ tiwọn kó tó fẹ̀yìn tì. Ará Manigri ló fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí ọmọ náà bímọ, ìyá wá bá a wẹ ọmọ, kò sì tètè padà mọ́. Dírẹ́tọ́ọ̀ ilé ìwé wa gbọ́ pé ó mọ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ bẹ̀ ẹ́ kó wá máa kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ti funfun báláú ṣe di ẹni tó ń nu imú ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀ àjèjì. Yorùbá rẹ̀ kò rí bíi tiwa. Ó máa ń wí nǹkan, a ó bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà á wí tiwa, á bú sẹ́rìn-ín. Á ní, "Ó dáa, ẹ kọ́ mi ní tiyín, èmi á kọ́ yín ní ti òyìnbó. Kò sí ẹni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè."

Òórùn òrí àti káfúrà ló máa ń jáde lára aṣọ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ṣí àpótí tí wọ́n fi káfúrà sí, kíláàsì yẹn ni mo máa ń rí. Òun ló máa ń gbálẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á bi wá pé kí la jẹ, ẹni tí kò bá sì tíì jẹun, á bù nínú iṣu sísun tirẹ̀ fún un. Kò ní pàṣán. Dírẹ́tọ́ọ̀ bi í léèrè lójú wa pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Bí mo bá nà wọ́n, ẹkún ni wọ́n máa kọ́. Ta ló sì fẹ́ kọ́ ẹkún? Wọ́n ti mọ ìyẹn láti ilé."

Ó wá kan ọjọ́ tó kọ́ wa ní ìkíni. Ti Faransé, a ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀: a ó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, a ó tẹ orí ba, a ó fi ohùn orin wí pé "Bọ́nzúù." Fún ti Gẹ̀ẹ́sì, Tàtá tò wá ní méjì-méjì kí a kọjú síra wa. Ó ní kí kálukú na ọwọ́ ọ̀tún, kó bọ ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́, kó wò ó lójú, kó sì wí pé, "Gúùdù mọ́nìn." Ó dùn mọ́ wa púpọ̀. A bọ ara wa lọ́wọ́ títí apá fi ń ro wá. Mo gbé e délé bí ẹní gbé ẹran Iléyá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá bàbá mi jókòó sábẹ́ igi ìdí ilé wa pẹ̀lú àwọn àlejò tó wá ra kajú láti Pénéssoulou. Òun ni àgbà agbo ilé wa, àgbẹ̀ tó ń kọ ebè bí ọ̀dọ́kùnrin, kò sì ní orúkọ mìíràn fún mi ju "ìyàwó mi" lọ. Mo rìn lọ síwájú rẹ̀, mo dúró gbagidi, mo wò ó lójú, mo na ọwọ́ sí i. "Gúùdù mọ́nìn!"

Ẹ gbà mí o! Ọmọ àná na ọwọ́ sí àgbà kó wá bọ òun lọ́wọ́, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, lójú àlejò! Ìró ọwọ̀ tí ìyá mi fi ń gbálẹ̀ dá wáí. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá àgbà wo ọwọ́ mi bí ẹni tí wọ́n gbé òkú eku síwájú rẹ̀, ọwọ́ náà sì wà lófuurufú, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Tàtá ni."

Ó yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ gbọ́ ná. A rán ọmọ lọ kọ́ ọgbọ́n, wọ́n gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀." Ó wá kọjú sí ìyá mi. "Kò lọ síbẹ̀ mọ́. Oko ni yóò máa bá mi lọ."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú, ọmọdé ló—"

"Mo ti wí."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní agbo ilé wa, bí ó bá ti wí pé ó ti wí, kò sí ẹni tó tún lè gbin. Gbogbo ọmọ agbo ilé wa ni wọ́n dá dúró. Àwọn ará ilé kejì gbọ́, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń ba ọmọ jẹ́, àwọn náà dá tiwọn dúró. Ìyá mi ti ọjà dé, ó ní òun gbọ́ pé Dírẹ́tọ́ọ̀ ti sọ pé bí àwọn ọmọ kò bá padà kí ọjà mìíràn tó ná, òun á ti kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì pa, kí màmá náà sì máa lọ sílé ọmọ rẹ̀. Mo sunkún títí mo fi sùn. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sunkún sí. Tàtá ni mò ń sunkún sí.

Lóko, wọ́n ní kí n máa ṣa kajú. Bàbá àgbà ń roko nítòsí. "Gbì!" Ọ̀kan já. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti wí i: "Wọ́ọ̀n." Òmíràn já. "Túù." Mo rí i pé ọkọ́ Bàbá àgbà dúró. Ó gbójú sókè wò mí díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń roko rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọjà kù sí ọ̀la, kí a tó gbéra, mo gbọ́ ìró sálúbàtà kan lójú ọ̀nà, mo sì ti mọ ẹni tó ni ín. Tàtá ló ń bọ̀, òun nìkan. Kò rán ẹnì kankan ṣáájú, kò mú Dírẹ́tọ́ọ̀ dání. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú agbo ilé wa, ó rìn lọ síwájú Bàbá àgbà, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú eruku. Orí tirẹ̀ funfun ju ti Bàbá àgbà lọ.

Ó ní, "Gúùdù mọ́nìn, sà."

Bàbá àgbà fò dìde. "Háà! Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo jẹ́ kí ẹgbẹ́ mi kúnlẹ̀ fún mi ni?"

"Mi ò ní dìde, Bàbá, àfi bí ẹ bá dá mi lóhùn."

"Kí ni mo fẹ́ dáhùn? Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ wí."

"Ẹ káàárọ̀ ni mo wí."

"Ẹ káàárọ̀ lásán?"

"Ẹ káàárọ̀ lásán ni, Bàbá." Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Gẹ̀ẹ́sì kò ṣẹ̀ yín. Èdè kò ní orúnkún, àwa tí à ń sọ ọ́ la ni orúnkún. Mo kọ́ àwọn ọmọ yín bí ọmọdé ṣe ń kí ọmọdé, mi ò tíì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi kí àgbà. Èmi ni kí ẹ bá wí, ẹ fi ọmọ sílẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mi Bàbá àgbà léjìká. "Ariwo tó gba ìlú kan yìí, orí ẹ káàárọ̀ ni!" Ó fa àpótí ìjókòó tirẹ̀ fún Tàtá, ó ní kí ìyá mi gbé iṣu wá. Ó wá wò yíká. "Ìyàwó mi dà?"

Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà. Mo jáde, mo kúnlẹ̀, mo wo ilẹ̀, mo ní, "Gúùdù mọ́nìn, sà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Lọ wẹ̀. O ti pẹ́ fún ilé ìwé."

Láti ìgbà náà, ẹ ì bá wá wo Manigri láàárọ̀! Àwọn ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "Gúùdù mọ́nìn, sà," àwa ọmọbìnrin ń kúnlẹ̀, "Gúùdù mọ́nìn, mà." Àwọn tó ń kọjá lójú títì á rọra dúró wò wá. Àwọn ìyá àgbà tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ ń dáhùn pé, "Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó."

Mo ti wọ ilé ìwé ńlá nígbà tí àwọn ọmọ Tàtá tó kù ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé, nítorí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ kó lọ, ó wá dágbére. Ara Bàbá àgbà náà kò le mọ́. Ẹní ni wọ́n tẹ́ fún un sábẹ́ igi. Tàtá fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀, kó sì tó la ẹnu, Bàbá àgbà gbéra jókòó dáadáa. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ sáyà bí ọmọ ilé ìwé, ó ní, "Gúùdù mọ́nìn, Ìyá."

Oòrùn ti ń wọ̀. Èmi tí mo ti mọ̀ pé ìkíni Gẹ̀ẹ́sì ti ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀ sí ti àárọ̀, mo ti la ẹnu láti tún un ṣe. Tàtá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ó ń ta òórùn òrí. Mo pa ẹnu mi dé.

"Gúùdù mọ́nìn, sà," ló wí. Omi wà lójú àwọn méjèèjì. N kò tún fojú kàn án mọ́.

Èmi náà ni wọ́n ń pè ní Tàtá báyìí, ní Bassila. Kò jìnnà sí Manigri, ṣùgbọ́n Anii ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sọ nílé, nígbà tí mo sì kọ́kọ́ dé, bí mo bá sọ Yorùbá, ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí bọ̀ọ̀. Kí n tó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, mo lọ bá ìyá àgbà kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, mo ní kó fi bí ọmọdé ṣe ń kí àgbà nínú ilé wọn hàn mí. Ó fi hàn mí. Mo ṣe é, kò tọ́, ó tún ọwọ́ mi ṣe, a jọ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Tàtá wa ti Manigri ló kọ́ mi pé kí olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ kọ́kọ́ bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, mi ò sì mọ olùkọ́ mìíràn tó gbọ́n tó o.

Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo ń ti ìlẹ̀kùn kíláàsì nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà náà ń kọjá lọ pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ti ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dúró, inú rẹ̀ dùn, ó ké sí mi láti ojú ọ̀nà pé, "Gúùdù mọ́nìn!" Ọmọ náà fa aṣọ mi, ó fẹ́ sọ fún mi pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo sì dá ìyá àgbà rẹ̀ lóhùn pé, "Gúùdù mọ́nìn, mà."