Ọṣẹ Etí Àbàtà

Bí ọṣẹ bá ti ń hó lọ́wọ́ mi báyìí, oko wa lẹ́yìn Ẹdẹ ni mo máa ń rántí. Ayé ológun ni. Ọṣẹ wọ́n bí ojú, eérú la fi ń fọṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ìfófó funfun lórí koríko létí àbàtà. Mo fi igbá bù ú, mo sáré tọ màámi lọ.

“Màámi, mo rí ọṣẹ!”

Wọ́n tú u wò. Ẹyin kéékèèké ló kún inú rẹ̀.

“Àkèré ló fi bo àwọn ọmọ rẹ̀, kí oòrùn má baà pa wọ́n.”

Àwọn fúnra wọn ló gbé e padà sórí koríko, wọ́n ní, “Ẹ ó dàgbà o.”

Ìgbà tí mo di ìyálọ́mọ ni wọ́n tó sọ fún mi pé oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára àwọn lọ́sẹ̀ náà.