Ọjọ́ Tí Mo De Sẹ́ńsọ̀ Ọ̀rẹ́ Mi Mọ́ra

Òórùn ààtàn tó ń jó ló máa ń kọ́kọ́ kí wa káàárọ̀ ní Ìgàndò nígbà náà. Bí a bá ti yà kúrò lójú títì ńlá, tí a wọ ọ̀nà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, èéfín náà á wọ̀ wá lọ́fun bí ẹni jẹ ata gbígbẹ. Ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti tẹ́jú tó fún bàtà gígùn onítáyà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi ń kọ́ eré orí yìnyín, àwa tí a kò rí yìnyín rí àfi nínú fóònù. Àwọn aláṣọ funfun tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì á dúró wò wá bí a ṣe ń fi ọ̀pá méjì ti ara wa síwájú, wọn á mi orí, wọn á máa lọ.

Òkè òkun ni kóòṣì wa ń gbé. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n fi ń rí wa, àbí kí n sọ pé ọ̀rẹ́ mi nìkan ni wọ́n fi ń rí, nítorí òun ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Márùn-ún ni, kò ju ìdérí ìgò lọ: ó ń de méjì mọ́ ọrùn ọwọ́, méjì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀kan mọ́ ìbàdí. Bó bá ti sáré tán, fóònù á sọ fún kóòṣì bí ọ̀pá ṣe ń kan ilẹ̀, àti bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti ara síwájú tó. Èmi kàn ń bá a kọ́ ọ ni, kó má baà dá nìkan wà.

Lọ́sẹ̀ tí kóòṣì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ mi lè lọ sí ìdíje lókè òkun, orúnkún òsì rẹ̀ wú. Ó ti ń fi ìrora náà pamọ́ tipẹ́. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó tú àwọn sẹ́ńsọ̀ náà, ó nà wọ́n sí mi.

"Bá mi sá a. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún wọn? Má ṣáà sáré jù. Ṣe é bíi tèmi."

Mo dè wọ́n mọ́ra. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ tí mo bọ̀, mo ṣe é bíi tirẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ó wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó mọ eré yìí máa wo bí ara mi ṣe ń ṣiṣẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo fi gbogbo agbára èjìká gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, mo sáré títí òógùn fi bò mí lójú. Nígbà tí mo dúró, ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní bíi tèmi," ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti lágbára sí i, pé kó gbàgbé eré kúkúrú, kó múra fún èyí tó gùn. Mo ní kó jẹ́ kí n tún un gbọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú, ojú sì tì mí pé ó dùn mọ́ mi. Mo ní ká sọ òtítọ́ fún wọn. Ó ní ìyá òun ti sọ fún gbogbo Akówonjo pé òun ń lọ.

Ó lọ. Níbi tó ti ń gun òkè kan, orúnkún náà yẹ̀. Ọ̀pá abẹ́ abíyá ló fi ń rìn nígbà tó padà dé. Nígbà tí mo lọ kí i, ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dúró ti ọmọ òun, mi ò lè gbójú sókè.

"Má dá ara rẹ lẹ́bi jàre," ọ̀rẹ́ mi sọ nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde. "Èmi ni mo bẹ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n irọ́ kékeré ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun pa, eré kúkúrú tí orúnkún rẹ̀ lè gbà nìkan ni ì bá gbé e dé. Èmi ni mo fi tèmi kún un, nítorí pé mo fẹ́ kí ẹnì kan rí mi. Ó ń rìn báyìí, kò lè sáré mọ́. Títí dòní, kóòṣì kò mọ̀ pé èmi ni mo sá eré tó dára yẹn, n kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mọ́.