Sìdíkàt àti Ẹkùrọ́ Ẹgbẹ̀fà Lé Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Sìdíkàt, ìyàwó Ràsákì àgbẹ̀ ní Kàbà, kò lọ sílé ìwé rí. Àdín ló ń ṣe. Àwa tí ilé wa kọjú sí tiwọn mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì máa ń fún wa ní ẹkùrọ́ jẹ.

Ní ọdún 1954, àwọn òṣìṣẹ́ oko ìjọba fún Ràsákì ní ọmọ igi kọfí mẹ́rìndínlógójì. Ó ti wọn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún wọn: ẹsẹ̀ mẹ́fà, igi mẹ́fà-mẹ́fà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni Sàláhúdéènì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, tó ní òun fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n náà fún Ràsákì dípò rẹ̀ wà lábẹ́ àpáta, ó rí ṣóńṣó lókè, ó sì fẹ̀ nísàlẹ̀.

Ràsákì fajú ro, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Bíllíkísù, àfi kí n sọ díẹ̀ nù nínú àwọn igi yìí. Wọn kò ní tò dáadáa níbẹ̀."

Ẹkùrọ́ ni Sìdíkàt ń pa lọ́wọ́. Ó ka mẹ́rìndínlógójì sọ́tọ̀. Ó fi ẹyọ kan sókè, méjì sábẹ́ rẹ̀, mẹ́ta sábẹ́ ìyẹn. Nígbà tó to mẹ́jọ sí ẹsẹ̀ kẹjọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ gbìn ín báyìí," ó ní.

Ràsákì tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó jáde. Igi kankan kò ṣẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Sìdíkàt. Iye tó tò dọ́gba ní igun mẹ́rin, òun náà ló tún tò ní igun mẹ́ta. Ǹjẹ́ iye mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà ọyẹ́, ó to ẹkùrọ́ sójú àgbàlá, onígun mẹ́ta lápá kan, onígun mẹ́rin lápá kejì. Èyí tó bá kéré ni yóò fi ẹsẹ̀ kan kún, bó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, yóò fi kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà, yóò sì tún un kà. Ewúrẹ́ tú u ká lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn obìnrin ń fi í rẹ́rìn-ín. Ràsákì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó fi ọ̀pá ṣe ọgbà yí i ká, bó bá sì ti oko dé, yóò béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti bára wọn?"

Lọ́jọ́ kan, onígun mẹ́ta jẹ́ ọgọ́fà, onígun mẹ́rin sì fi ẹyọ kan péré jù ú lọ. Omijé bọ́ lójú Sìdíkàt. Ràsákì sun iṣu fún un, ó bá a jókòó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, onígun mẹ́ta dé ẹsẹ̀ kọkàndínláàádọ́ta, onígun mẹ́rin dé ẹsẹ̀ karùndínlógójì. Sìdíkàt kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pe ọkọ rẹ̀. Ràsákì pe Tíṣà Ernest, tó ń kọ́ni ní ilé ìwé ìtòsí wa.

"Okun o, Ìyá," Tíṣà kí i. Ó ṣírò rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan.

"Ẹgbẹ̀fà lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni méjèèjì. Ó pé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí rí."

"Ǹjẹ́ òmíràn tún wà níwájú, Tíṣà?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

"Bó bá wà," ni Ràsákì wí, "àgbàlá yìí kò ní gbà á."

Sìdíkàt rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Ràsákì kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbá àgbàlá náà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri la ń gbà wọlé lọ kí wọn.