Ìjókòó Abẹ́ Katakata

Ní Mile 12, kò sí dẹ́rẹ́bà tó máa gba jáàkì lọ́wọ́ ẹni tó tún un ṣe láìjẹ́ pé onítọ̀hún kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ ẹrù. Wọ́n á fi jáàkì ọ̀hún gbé tirela sókè tòun ti gbogbo ata àti tòmátì inú rẹ̀, wọ́n á ti àpótí ìjókòó kékeré kan sí abẹ́ irin, ẹni tó tún jáàkì ṣe á jókòó síbẹ̀, á fi eyín já piọ́ wọ́tà kan, á sì mu ún tán láìkánjú. Bí omi bá tán tí tirela ò mì, dẹ́rẹ́bà á gba jáàkì rẹ̀, ó di ojú ọ̀nà. Bí tirela bá wá mì... kò sẹ́ni tó máa ń parí gbólóhùn yẹn.

Ọláníyan, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ràhmát, wọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ọjọ́ kan wà tí Ọláníyan jókòó lábẹ́ tirela títí oorun fi gbé e lọ, tó ń hanrun, tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun dìde kí àwọn lè rí ọ̀nà Kánò lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó lá àlá níbẹ̀, pé nínú àlá yẹn ló ti rí ẹni tó máa fẹ́. Kí ẹ gbà á tàbí kí ẹ má gbà á, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn gáréèjì sílẹ̀ fún Ràhmát. Bí bàbá ṣe ń ṣe é ni ọmọ náà ń ṣe é. Á fi ọ̀bẹ gé awọ màlúù róbótó bí ẹni ń bó ọsàn, á rẹ ẹ́ sínú àdín àgbọn títí awọ á fi mu ún yó, á wá tẹ̀ ẹ́ wọ inú jáàkì kí òróró má baà rí ibi sá gbà. Òun náà ń jókòó, ó ń mu piọ́ wọ́tà, tirela kan ò sì mì lórí rẹ̀ rí. Aunty Jáàkì ni wọ́n ń pè é láti Ojota títí dé Ìkòsì.

Katakata Daddy Adétúnjí, bàbá arúgbó kan, ló gbé e dé Ṣángìṣá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Magodo. Katakata kékeré ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń tún ọgbà ẹ̀yìnkùlé ṣe, tí òbúkọ tó bá yó dáadáa lè wò lójú láìgbé orí sókè. Ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì irin ńlá kan níwájú, pẹ̀lú apá méjì tó ń gbé e sókè. Ìgbà tí irun ṣì kún orí Daddy ni ọkọ̀ ojú omi gbé katakata náà wọlé. Daddy fi kó yẹ̀pẹ̀, ó fi kó ewé, ó fi gbé àwọn ọmọ yí ilé po, àfi ìgbà tí apá méjèèjì rọ, tí katakata dúró sábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ sì sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì di ìtẹ́. Mummy Helen, ìyàwó Daddy, kì í pe nǹkan náà ní katakata. "Orogún mi" ló ń pè é.

"Ẹ wá bá mi wo orogún mi," ló wí lọ́jọ́ tí Ràhmát kọ́kọ́ dé. "Ó ti darúgbó, apá rẹ̀ ti rọ, síbẹ̀ ọkọ mi ò kọ̀ ọ́."

"Mummy, ẹ má jowú," Ràhmát fèsì. "Apá nìkan ni mo bá wá, mi ò ní lé tìróò fún un."

Daddy mú ẹ́ńjìnnì, Ràhmát mú apá. Daddy fi kẹrosíìnì ṣan gbogbo ibi tó ti dógùn-ún, ó kun katakata ní pupa, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń fa ojú àfẹ́sọ́nà mọ́ra. Nígbà tí Ràhmát tú apá kìn-ín-ní, wáṣà tó bá nínú rẹ̀ ti fọ́ wómúwómú bí bísíkítì tó já sínú tíì. Ó yọjú wo inú ihò irin náà, ó wo ọ̀pá tó ń wọlé tó ń jáde, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Daddy, jáàkì nìyí! Jáàkì tó dùbúlẹ̀ lásán ni."

Ó gé awọ, ó rẹ ẹ́ sínú àdín, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú apá méjèèjì. Ọ̀rọ̀ jáàkì yẹn dùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì sọ ọ́ dé Mile 12. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé gáréèjì ni Jayé gbé e. Jayé ń wa típà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í pa dé bí ilẹ̀kùn típà rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun lòun máa já yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa fi dán katakata wò, kò ní gba nǹkan kan, ìran nìkan lòun fẹ́ wò.

"Aunty Jáàkì, ẹ máa jókòó ṣá?"

"Katakata kì í ṣe tirela, Jayé."

"Jáàkì ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ní jáàkì ni. Bí ẹ ò bá wá lè jókòó sábẹ́ ti Daddy, kí ló máa gbé èmi wọ abẹ́ tèmi? Èmi ò ní ẹ̀mí sípéà o!"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ràhmát gbọ́ nǹkan tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rín náà. Ó mọ gáréèjì. Bí dẹ́rẹ́bà kan bá wá gba jáàkì rẹ̀ padà láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́ gbogbo wọn á ti gba tiwọn, ṣọ́ọ̀bù Ọláníyan á sì di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Nítorí náà ó ní òun máa jókòó. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti wọlé fún un dáadáa. Lábẹ́ tirela, èèyàn lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó yí jáde. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, orí agbárí gan-an ló máa wà, tòun ti yẹ̀pẹ̀ tí agbára ọkùnrin mẹ́fà ò lè gbé.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá láti dán an wò. Kí èrò tó dé, Ràhmát àti Daddy dán an wò. Ẹ́ńjìnnì ké díẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé yẹ̀pẹ̀ tí Jayé ti já sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó gòkè, wọ́n paná. Ràhmát fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan níbi tó ti jáde lára apá, kó lè mọ̀ bó bá sún. Kò sún. Ńṣe ni bọ́kẹ́ẹ̀tì dúró bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ òfuurufú. Àyà rẹ̀ balẹ̀, ó tiẹ̀ jẹ búrẹ́dì díẹ̀.

Ìgbà tí Jayé àti àwọn dẹ́rẹ́bà dé ni Daddy bẹ̀rẹ̀ àṣejù. Ó gun katakata, ó wà á yí ilé po, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń pàtẹ́wọ́. Mummy Helen ń pariwo sí ọkọ rẹ̀ láti orí bákónì, "Ẹ rọra o, Daddy Táyé! Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa!" Oòrùn là, ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, Daddy ò dákẹ́. Nígbà tó yá, ó dúró sáàárín àgbàlá, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún yẹ̀pẹ̀ dé òkè, òun fúnra rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ lórí katakata. Kò paná ẹ́ńjìnnì, ó ní bí òun bá pa á, ó lè sùn kó má jí mọ́.

Jayé ti àpótí sí abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Ìjókòó ti délẹ̀! Piọ́ wọ́tà rèé, ó tutù nini!"

Ràhmát so gèlè rẹ̀ le, ó ní bísímílà. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ pé kéèyàn tó jókòó, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin, kó kí i. Ó fọwọ́ kan páìpù òróró. Ó yára fà á padà.

Páìpù náà gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ.

Jáàkì kì í gbóná. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i sáàárín jáàkì, kò rí èyí tó gbóná rí. Ó sì rántí àdín. Láàárọ̀ yẹn nílé, àdín inú ìgò rẹ̀ ti dì, ó funfun bí ọ̀rá ẹran, àfi ìgbà tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó tó ṣàn tó fi lè fi para. Èyí tó wà nínú awọ náà ti dì láàárọ̀, òun ló dí ihò pa. Báyìí ńkọ́?

"Ẹ dúró ná," ló wí, ó sì yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì lọ wo apá kejì.

"Háà!" Jayé ké. "Aunty Jáàkì ti ń yí i po bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹ̀rù ti dé o!"

Ẹ̀rín sọ. Ó dun Daddy wọnú eegun.

"Ẹ̀rù wo? Èmi àti ẹ̀ la jọ tún un ṣe, èmi ni mo di bóòtù. Gbé omi yẹn wá!"

Kí ẹnikẹ́ni tó mí, bàbá arúgbó ti gba piọ́ wọ́tà, ó ti jókòó sórí àpótí, ó ti ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó sì ti fi eyín já ọ̀rá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, Ràhmát rí ẹ̀kán òróró kan tó dúró lọ́rùn apá. Òmíràn lé e. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ti wọlé lọ, kò rí i mọ́.

"Daddy, ẹ dìde! Ẹ dìde!"

Ẹ́ńjìnnì ń ké, etí Daddy ò sì dá ṣáká tẹ́lẹ̀. Ó rí ẹnu rẹ̀ tó ń yà, ó rò pé ó ń kí òun, ó gbé piọ́ wọ́tà sókè sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Jayé ń pàtẹ́wọ́. Bí Ràhmát bá sáré yí iwájú lọ fà á, orúnkún Daddy ti gan, bó ṣe máa ń pẹ́ kó tó dìde lórí àga, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Bó bá fọwọ́ kan ọ̀pá ọwọ́ tí Daddy fi ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, awọ tó ti rọ̀ lè jọ̀wọ́ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan.

Ó fò gun orí katakata.

Kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ṣáà ti ń wo ẹsẹ̀ Daddy láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: tẹ èyí mọ́lẹ̀, fa èyí sọ́dọ̀, katakata á fẹ̀yìn rìn. Àbí títì ni Daddy máa ń tì í? Bó bá ṣì í, iwájú ló máa lọ, àyà Daddy ni táyà máa gùn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fa jíà. Irin ké, ó kọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì sọ̀ kalẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́, yẹ̀pẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí fìlà Daddy ṣùrùrù. Daddy gbójú sókè. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Àtẹ́wọ́ Jayé dúró láàárín ọ̀nà.

"Yà Allah!" Ràhmát fi gbogbo ara fa jíà, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Katakata fò sẹ́yìn bí àgbò tí wọ́n fi ata sí nídìí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rékọjá lórí Daddy, ó gba iwájú orúnkún rẹ̀ kọjá, ó sì wó lulẹ̀ gbì! Àwọn ará Magodo ní ife tanganran mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Katakata ò dúró, ó fìdí sá lọ gbá igi máńgòrò, ẹ́ńjìnnì kú, ewé sì ń já bọ́ sórí Ràhmát wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Daddy ṣì wà lórí àpótí, yẹ̀pẹ̀ bò ó dé orúnkún, piọ́ wọ́tà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan, títí dòní wọn ò rí i.

Mummy Helen ló kọ́kọ́ débẹ̀. "Mo sọ fún yín, Daddy Táyé! Mo rò pé èmi ni orogún mi ń bá jà, àṣé ẹ̀yin gan-an ló fẹ́ pa!" Ó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó tún ń bú u.

Ràhmát sọ̀ kalẹ̀. Ó lè sọ pé bóòtù ló tú. Daddy ló di bóòtù. Ó wo ojú àwọn dẹ́rẹ́bà.

"Awọ mi ni," ló wí. "Jáàkì kì í gbóná. Mo gbàgbé pé katakata ń gbóná."

Ó dúró kí wọ́n sọ pé àwọn ń bọ̀ wá kó jáàkì àwọn. Jayé gbé àpótí náà, ó ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni tí kò rí àpótí rí.

"Aunty, gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń jókòó lábẹ́ tirela wa yìí, bí awọ bá ṣe báyìí..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Jayé."

"Èmi sì ń pàtẹ́wọ́," Jayé wí, ó sì gbé àpótí náà kalẹ̀.

Daddy gbé omi tó kù mì. "Ràhmát," ó ní, "ìgbà wo la máa tún tú u?"

Wọ́n tú u. Awọ inú rẹ̀ ti rọ̀ bí pọ̀nmọ́ tó sùn nínú ọbẹ̀. Ràhmát wá wáṣà róbà lọ sí Ojota, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún katapílà ṣe, irú èyí tí ooru kì í ràn. Nígbà tí wọ́n tún máa dán an wò, àwọn dẹ́rẹ́bà padà wá. Ẹ́ńjìnnì ké títí páìpù fi gbóná. Bọ́kẹ́ẹ̀tì gòkè. Àpótí wà lábẹ́ rẹ̀. Ràhmát rìn lọ síbẹ̀, ojú gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ó ki ọwọ́ sínú àpò, ó yọ tòmátì pupa kan, ó gbé e sórí àpótí, ó sì padà sẹ́yìn.

"Òun ni kó jókòó," ló wí.

"Tòmátì kẹ̀?"

"Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá wó, a ó fi se ọbẹ̀. Èmi, wọn kì í fi mí se ọbẹ̀."

Wọ́n dúró. Mummy Helen di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú kó má baà tún ṣe akọni. Ìlà ṣọ́ọ̀kì dúró síbi tó wà. Ooru ń jáde lára páìpù, ẹ̀kán òróró kan ò yọ, tòmátì sì jókòó sábẹ́ yẹ̀pẹ̀ bí ọba kékeré, títí Daddy fi sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn ni Jayé mí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ràhmát ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó ń wo ojú ọ̀nà. Típà Jayé ló kọ́kọ́ yà wọlé. Jayé gbé jáàkì rẹ̀ tó ń jò kalẹ̀ síwájú Ràhmát. Ọwọ́ rẹ̀ kejì mú tòmátì kan, ó tóbi, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀.

"Mo mú ẹni tó máa jókòó wá o, Aunty Jáàkì," ló wí.