Ọkùnrin Tó Tilẹ̀kùn Mọ́ Ara Rẹ̀

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó, kí n sọ ti ọkọ àbúrò mi fún yín. Ọkùnrin náà kì í tilẹ̀kùn kó má padà wá fà á wò. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú ní Ọ̀tà, ó gbé kọ̀ǹpútà kan tó ń lo ètò Línọ́ọ̀sì kalẹ̀ sílé rẹ̀ ní Ilo-Awela, ó sì ṣètò rẹ̀ kó lè máa fi láptọ́ọ̀pù wọ inú rẹ̀ láti ibikíbi. Àmọ́ ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì lára kọ̀ǹpútà náà pé òun gbà. Ó wá kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀: "Bí wọ́n bá ní èmi ni, má gbà. Olè kì í ní olè lòun."

Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, inú kọ̀ǹpútà ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ orin wa wà. Àwa akọrin ti dìde, ojú ògiri tó yẹ kó fi láptọ́ọ̀pù gbé ọ̀rọ̀ orin sí ṣófo. Ọkọ àbúrò mi fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀ tí òtútù dá dúró sílé.

"Ìyá Tóyìn, èmi ni. Tẹ̀ ẹ́!"

"Ohun tí olè máa wí nìyẹn."

"O ò mohùn mi ni?"

"Ayé ti di jìbìtì, bùrọ̀dá. Kí lọkọ mi máa ń pè mí tó bá ń bẹ̀ mí?"

Ó wojú pásítọ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"N ò gbọ́ o!"

"Ṣúgà inú gàrí mi!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Ọ̀rọ̀ orin yọ sójú ògiri, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ ká lè kọ ọ́.

Nígbà tí ọkọ àbúrò mi kú, Tóyìn ọmọ wọn gbé kọ̀ǹpútà lọ sí yunifásítì, ṣọ́ọ̀ṣì gba láptọ́ọ̀pù. Àwa akọrin la jogún orúkọ yẹn. Bí a bá fi pe àbúrò mi, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn kó tó dáhùn.